Ẹ Ti Rí Alága Láńlọ́ọ̀dù, Àdúgbò Ò Tíì Gbọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ̀yin kọngílá, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin CLO, ìyẹn alárinà sáìtì àti àdúgbò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí sáìtì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, lórí bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ kí àdúgbò gbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ kí Baálẹ̀ àti Mọ́gàjí, ta ló fẹ́ gbé katapílà wọ àdúgbò n'Ìbàdàn láì kí wọn?

Ibi tó ti ń dàrú gan-an rèé. Wọ́n á rí alága láńlọ́ọ̀dù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé àdúgbò ti gbọ́. Àdúgbò wo? Ilé alága wà nínú lọ́hùn-ún, gọ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ gbẹ́ ò kàn án. Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín létí títì ńkọ́, tí kọ́sítọ́mà ò ní rí pákó tẹ̀ kọjá wá bá, tí ẹja á sì máa yọ́? Ayálégbé ńkọ́? Mẹkáníìkì ńkọ́? Wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n rí X pupa lára ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀DÀ PUPA KỌ́ LÀ Ń PÈ NÍ ÌKÉDE!

Ìdána ni mo máa ń fi ṣàpèjúwe ẹ̀. Ẹ lọ bá bàbá ìyàwó nìkan, ẹ ò wá ẹbí ìyá ẹ̀ dé ilé, ó wá dọjọ́ ìdána, ẹ̀gbọ́n ìyá kan dìde, ó ní òun ò gbọ́ sí i, gbogbo èèyàn ń bẹ̀ ẹ́, jọ̀lọ́ọ̀fù ń tutù, owó tẹ́ ẹ máa fi tù ú nínú á wá ju owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ ì bá fi lọ kí i lọ. Ṣé ó yé yín báyìí?

Torí náà ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún wọn: ọjọ́ tá a máa bẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ máa gbà wọlé, ọjọ́ tá a máa parí iwájú yín, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè. Ó tán.

Òjò á rọ̀, owó á pẹ́, ọjọ́ á yẹ̀. Kò burú! Àmọ́ ẸNI TÓ DÁ ỌJỌ́ NI KÓ PADÀ LỌ SỌ PÉ ỌJỌ́ TI YẸ̀. Kó tó yẹ̀ o, kì í ṣe tí wọ́n bá ti dí títì mọ́ yín.

Owó gbà-máà-bínú, ẹ má fẹnu ṣèlérí. Land Use Act 1978, òfin ilẹ̀, ní kí wọ́n san owó ilé àti irè oko, àmọ́ ilẹ̀ lásán, kìkì owó ilẹ̀ (ground rent) tẹ́ni tó wà lórí ẹ̀ san lọ́dún tí ìjọba gbà á ni. Ẹ tètè là á mọ́lẹ̀, torí ibẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ẹ̀sùn ló kù, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ máa ń kọ ẹjọ́ tí àdúgbò bá fi sùn sí. Báǹkì Àgbáyé tó yáni lówó tún odò àti afárá ṣe n'Ìbàdàn lẹ́yìn omíyalé 2011, ìlànà wọn tó wà lóde láti 2018, ESS10, tó dá lórí bíbá àwọn tí iṣẹ́ kàn sọ̀rọ̀, ní kí ọ̀nà ẹ̀sùn wà, kódà kéèyàn lè fẹjọ́ sùn láì dárúkọ. Sáìtì púpọ̀ níwèé yìí jàre, ọjọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wà níbẹ̀, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ èsì sí ló máa ń ṣófo. Tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì yín wá fún mi, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ṣí.