Dígà Kan Nǹkan Nínú Ìpìlẹ̀: Kí Lẹ Máa Ṣe?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ra ilẹ̀ sí Ifẹ̀, ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, dígà bá kan nǹkan, gbàǹ! Kí ló kàn? Ó lè jẹ́ ère àtayébáyé!

Mo ti mọ̀ yín! Ẹ ó fà á yọ, ẹ ó bu omi fọ̀ ọ́, ẹ ó yà á ní fọ́tò sórí WhatsApp. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti bà á jẹ́. Ẹ MÁ FÀ Á YỌ! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ MÁ FÀ Á YỌ!

Ẹ wò ó, bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọdé kan sáré gbé e kí baba tó wò ó, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣì pé, kò já. Àmọ́ odù wo ló hù? Ó tán nìyẹn. Bí ère ṣe dùbúlẹ̀, àwọ̀ erùpẹ̀ tó bò ó, èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tí awalẹ̀pìtàn ń kà nìyẹn. Èédú tí ẹ̀ ń gbá dànù yẹn ni wọ́n fi ń mọ iye ọdún!

Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin, tí orí idẹ fi ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí awalẹ̀pìtàn tó dúró tì wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà ṣì wà ní British Museum ní London.

Ẹ wá wo Ìta Yemòó. Ní 1957, àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé kan ère idẹ níbẹ̀. Awalẹ̀pìtàn kan, Frank Willett, gbẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ilẹ̀ alápàáàdì ló bá pàdé: wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àpáàdì dúró, wọ́n há wọn mọ́ra pinpin. Ẹni tó bá fa ère nìkan yọ kò ní rí ìyẹn láéláé.

Ti Igbó Olókun ló ń dùn mí jù. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ilé ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí.

Ó yá, kíákíá: ẹ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, ẹ fi tapólì bò ó, ẹ lọ sí mùsíọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rà á lóru, ẹ lé e. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ó lè ti lo 700 ọdún níbẹ̀. Òru kan ò ní ṣe é ní nǹkan kan.