Àlejò Lójú, Onílé Ńkọ́?

Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó bá ti ṣí lọ sí ìlú onílùú rí mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni tó. Ẹ gbọ́ èdè wọn, àmọ́ ẹ ò mọ̀ bóyá "máa bọ̀ wá kí wa" jẹ́ ìpè tòótọ́ àbí ìdágbére lásán.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ìlú tí wọ́n bí wọn sí gan-an ni wọ́n ti ń ṣe àlejò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, tí bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀, ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Lọ́dún 2012, Damian Milton, onímọ̀ nípa àwùjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, sọ ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní tí èèyàn méjì ò bá gbọ́ ara wọn yé, àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Onílé náà ò rí inú àlejò, ojú àlejò nìkan la kàn ń bá wí.

Àwọn olùwádìí dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní 2020. Wọ́n to èèyàn mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọlọ́tísíìmù nìkan, àwọn tí kò ní in nìkan, àti àwọn méjèèjì pọ̀; wọ́n sọ ìtàn fún ẹni àkọ́kọ́, òun náà sọ ọ́ fún èkejì, títí ó fi kan ẹni ìkẹyìn. Ibi tí wọ́n ti da ọlọ́tísíìmù pọ̀ mọ́ àwọn yòókù ni ìtàn ti já jù. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú èèyàn 311, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2025, ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ mọ́. Èyí tí kò yí padà ló wọ̀ mí lọ́kàn: nígbà méjèèjì, ìtàn ò sọnù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́tísíìmù ju bó ṣe sọnù lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ.

Ẹni tó wá jẹ́ àlejò nílùú onílùú, tó tún ní ọ́tísíìmù ńkọ́? Òkèèrè ni ara ti lè kọ́kọ́ tù ú, torí ohun yòówù tó bá ṣe, wọ́n á ní àlejò ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà lè bo ọmọdé mọ́lẹ̀: olùkọ́ á ní èdè ni kò tíì gbọ́, ọdún á máa gorí ọdún láìsí ìrànlọ́wọ́.

Òfin náà tún wà ńbẹ̀. Ní Ọsirélíà, wọ́n máa ń ṣírò iye tí ìtọ́jú ẹni tó fẹ́ wá gbé máa ná ìjọba. Láti 2024, tó bá ju 86,000 dọ́là wọn lọ, wọ́n lè má fún un ní físà. Bó bá sì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni ìṣirò yẹn mú, gbogbo ìdílé ló lè pàdánù físà náà, títí kan bàbá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.