Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ṣe Lè Darí Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àkọlé iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ ti wà lókè ojú ìwé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, síbẹ̀ kò tíì sí gbólóhùn kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, nítorí àwọn ìwé tó ti kà kún orí tábìlì. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà pé òun lè kọ ọ́.

Ìgbàgbọ́ nínú agbára ara ẹni yìí ni Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde lọ́dún 1977. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ìgbàgbọ́ yìí ń bá rìn: ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nídìí ìṣirò lè máa gbọ̀n bí wọ́n bá ní kó dìde sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì. Bandura ní ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbà wọlé síni lọ́kàn: iṣẹ́ tí a ti fọwọ́ ara wa ṣe yọrí, ẹgbẹ́ wa tí a rí tó ṣe é yege, ọ̀rọ̀ ìyànjú, àti bí ara àti ọkàn wa ṣe rí lásìkò náà. Ti àkọ́kọ́ ló lágbára jù lọ. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ ìyànjú nìkan ni a sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kékeré tó lè parí lónìí ni yóò gbé e dìde.

Ìdarí ara ẹni ló ń pèsè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ọjọ́ mẹ́ta ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe ń lo àkókò rẹ̀, ó sì rí i pé fóònù ló ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lálaalẹ́. Ó gbé fóònù náà sí yàrá kejì, ó gé orí kìíní sí wẹ́wẹ́, ó sì bu ìpínrọ̀ kan péré fún ara rẹ̀ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti parí rẹ̀, á fa ìlà pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì ọjọ́ náà, á sì lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ pàápàá yí padà: "Mi ò lè kọ ọ́" di "Mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí", èyí tó ṣeé gbé lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ karùn-ún, kò rí nǹkan kan kọ. Kò torí ìyẹn pa á tì; gbólóhùn mẹ́ta ló fi rọ́pò ìpínrọ̀ kan lọ́jọ́ kejì, ó sì kọ wọ́n.

Nígbà tí yóò fi di alẹ́ kẹjọ, ìlà pupa mẹ́fà ti wà nínú ìwé rẹ̀. Kó tó tan kọ̀ǹpútà, ó ti mọ gbólóhùn tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀.