Walsh ní kí ọmọ mi sọ ibi tó ti wá

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn, òjò Dublin ní Ireland níbí ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ọjọ́ Túsìdeè lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi ti iléèwé dé, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Walsh níléèwé wa ní kí n sọ ibi tí mo ti wá gan-an." Dublin ni mo bí ọmọ yìí sí o! Mo ní kí lo wá sọ? Ó ní òun dákẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí ọmọ mi kì í dákẹ́, ẹ bi gbogbo àdúgbò wa.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mo bá rí orúkọ ìdílé wọn bíi O'Brien, O'Sullivan, mo rò pé O yẹn, Olú tí wọ́n gé kúrú ni, ha! Àṣé ọmọ-ọmọ ni Ó lédè Irish, ọmọ sì ni Mac tó máa ń ṣáájú orúkọ míì. Ọmọ-ọmọ Brian ni O'Brien, Brian Boru, ọba tí wọ́n pa lójú ogun Clontarf ní 1014, Clontarf tí bọ́ọ̀sì mi ń gbà láràárọ̀ yìí náà ni. Orúkọ sì nílé, kálukú ló ní agbègbè tiẹ̀ ní Ireland: Gallagher, Donegal ni, Byrne, Wicklow, O'Sullivan, Cork àti Kerry. Àwọn Ryan wá pọ̀ ní Tipperary débi pé wọ́n ń fi ìnagijẹ kún un kí wọ́n tó lè mọ Ryan tí wọ́n ń bá wí.

Ó dáa, Walsh. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú ń bí mi, mo lọ tú orúkọ yẹn wò. Breatnach ni lédè Irish. Ará Wales, ìlú òdìkejì òkun lọ́hùn-ún! Àwọn tó bá àwọn jagunjagun Norman wọ Ireland láti 1169, idà ni wọ́n gbé wá, wọn ò gba físà. Wọ́n ń pè wọ́n ní ará Wales títí ó fi di orúkọ ìdílé, ó sì wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Ireland báyìí. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo sunkún díẹ̀, ẹ má sọ fún ọkọ mi.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan níbẹ̀ yẹn: "Àǹtí, àwọn yẹn ti lo ẹgbẹ̀rin ọdún, ìwọ dé lánàá, wọn ò sì dúdú bíi tìẹ." Dúdú kẹ̀? Doyle ńkọ́? Ó Dubhghaill, ọmọ-ọmọ àlejò dúdú! Àwọn Viking, atukọ̀ ajagun láti àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, àwa gan-an lorúkọ yẹn yẹ.

Ẹlòmíì ní, "Ṣebí àwa náà máa ń bi ara wa pé ọmọ ibo ni ẹ́?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá bi mí ní ọmọ ibo ni mí, ó ń wá bó ṣe máa kì mí ni, bóyá a tiẹ̀ tan. "Gan-an" yẹn ni mò ń bá jà! Oshodi Tapa, olóyè Èkó àtijọ́, ọmọ Tápà ni, ó wà lórúkọ ẹ̀ kedere, ta ló ń sọ fún ìdílé Oshodi l'Ékòó pé kí wọ́n wá sọ ibi tí wọ́n ti wá gan-an?

Mo pe ọmọ mi, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní tó bá dọ̀la, sọ fún Walsh pé àlejò lòun náà. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Rárá, Mọ́mì. Inú ẹ̀ ò ní dùn."