Olójú Kan Tó Bẹ̀rẹ̀ Wo Eèrà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ má bínú pé ẹ ò gbóhùn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n fi mí sí, bí mo bá sì ti délé, oorun ni. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ eèrà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston, mo wọ sálúbàtà jáde sẹ́yìnkùlé, mo lọ dúró lórí òkìtì erùpẹ̀ kan tí kò ju òkèlè ẹ̀bà márùn-ún lọ. Kò pẹ́ rárá tí ẹsẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí iná. Bẹ́ẹ̀ mo mọ eèrà o! Ní Oǹdó tí wọ́n ti tọ́ mi, ìjàlọ máa ń wọlé wa lóru, màmá mi á da eérú àti kẹrosíìnì sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa á sì jókòó síta títí wọ́n á fi kọjá. Ṣùgbọ́n ìjàlọ ń fẹnu gé èèyàn ni. Eléyìí ń fẹnu gé, ó tún ń fìdí ta. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi ti kún fún oówo kéékèèké tó funfun lórí.

Ará àdúgbò mi kan sọ fún mi pé eèrà náà kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, pé láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti bá ọkọ̀ ojú omi wọlé. Mo ní, àjèjì bíi tèmi nìyẹn. Ibi tí mo ti ń tọpa ìtàn wọn nínú ìwé ni mo ti bá Edward Wilson pàdé, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó fi ayé rẹ̀ kọ́ nípa eèrà.

Lọ́dún 1942, ní ìlú Mobile ní Alabama, Wilson, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà, ń ka oríṣi eèrà tó wà lórí ilẹ̀ àìkọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, kò jìnnà sí èbúté. Ó bá ọ̀kan pàdé tí kò rí rí. Ohun tó rí lọ́jọ́ náà wà lára ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé eèrà tó ta mí yìí ti wọ Amẹ́ríkà. Solenopsis invicta ni wọ́n ń pè é. Invicta, lédè Látìn, ni ẹni tí a kò ṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ mi lè jẹ́rìí sí i.

Ojú kan ló fi rí i. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 7, ó ń pẹja ní etíkun Florida, ó fa ẹja kan jáde tagbáratagbára, ẹ̀gún ẹja náà sì gún un lójú ọ̀tún. Nígbà tó yá, etí rẹ̀ náà kò gbọ́ ohùn tín-ín-rín dáadáa mọ́, kò lè gbọ́ ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ́ wọn. Ojú òsì tó kù fún un ló mú bí abẹ, bó bá ti jẹ́ ohun tó wà nítòsí. Àwọn àgbà ní olójú kan kì í tàkìtì òró. Òun ò ta òkìtì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló gbé e dé Yunifásítì Harvard, tó sì fi ogójì ọdún kọ́ni níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti òkú eèrà. Bí eèrà bá kú nínú ilé wọn, àwọn yòókù á máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì, òórùn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára òkú náà, wọ́n á wá gbé e lọ sí ààtàn. Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá èròjà tó ń fa òórùn náà rí. Oleic acid ni, èyí tó wà nínú òróró ólífì. Ni wọ́n bá fi kan eèrà tó wà láàyè. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ gbé e, ó ń jàpá, ó ń jàpá, wọ́n gbé e lọ sí ààtàn. Ó nu ara rẹ̀, ó padà wálé. Wọ́n tún gbé e. Àfìgbà tó nu ara rẹ̀ mọ́ tónítóní ni wọ́n tó gbà pé kò kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà nínú WhatsApp ẹbí láti òkè òkun, ṣé ẹ rí i? Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀ bàbá wa, tí mo bá dá sí i, ẹ̀gbọ́n mi kan á ní, "Ìwọ tó o ti di òyìnbó." Mò ń jàpá, mò ń nu ara.

Ọdún 1966 ni Wilson àti Daniel Simberloff, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, lọ sí àwọn erékùṣù kéékèèké ní Florida, tí igi ẹ̀gbà (mangrove), igi inú omi iyọ̀, bò. Wọ́n fi ọ̀rá bo erékùṣù náà, wọ́n fi gáàsì pa gbogbo kòkòrò orí rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ padà. Láàárín bí ọdún kan, iye oríṣi kòkòrò tó wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó kéré, tó sì jìnnà sílẹ̀ ńlá, oríṣi díẹ̀ ló ń gbà. Mo wá rántí igbó Oǹdó tí wọ́n gé lulẹ̀ torí kòkó, tí èyí tó kù wà káàkiri bí erékùṣù láàárín oko. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ìdajì ayé ni Wilson ní ká fi sílẹ̀ fáwọn ẹ̀dá yòókù. Ìdajì! Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ń wá ilẹ̀ kòkó.

Ó wá ku apá tí mi ò fẹ́ sọ. Lọ́dún 1978, níbi ìpàdé kan ní Washington, àwọn kan da omi lé e lórí nítorí ohun tó kọ, pé àjogúnbá wà lára ohun tó ń darí ìwà ènìyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2021. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn olùwádìí tú lẹ́tà rẹ̀ tó wà ní Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ó ti ń gbè lẹ́yìn J. Philippe Rushton ní kọ̀rọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tó ń sọ pé ọpọlọ èèyàn dúdú kò tó ti àwọn yòókù. Alẹ́ ni mo kà á, níbi iṣẹ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ yí aláìsàn kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó tún ka ohunkóhun tó kọ, eèrà nìkan ni mo sì ń kà níbẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi obìnrin rí ìlà eèrà dúdú lórí tábìlì ìdáná, láti fèrèsé dé ìdí ṣúgà. Ọwọ́ mi ti wà lórí agolo oògùn kòkòrò. Mo gbé e sílẹ̀. Mo fi ìka nu ìlà náà láàárín, ìbú ìka kan péré, kí òórùn tí wọ́n ń tọ̀ lè pòórá níbẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ dé ibẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń ju ìwo orí wọn síbí, wọ́n ń jù ú sọ́hùn-ún. Ó ní, "Dádì, wọ́n ti sọnù." Mo ní kó dúró ná. A sún àga mọ́ tábìlì, a gbé àgbọ̀n lé ọwọ́.