Ta Ló Yẹ Kí Oníṣẹ́ Ọnà Máa Ké Pè?

Ẹ̀yin ará, bí a bá bi ọ̀pọ̀ Kátólíìkì pé ta ni ẹni mímọ́ alágbàwí àwọn ayàwòrán, Lúùkù ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Mi ò bá Lúùkù jà. Àmọ́ oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pè é nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Kólósè. Bíbélì kò sọ níbì kankan pé ó ya àwòrán rí. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìtàn pé ó ya Màríà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Antwerp jẹ́, òun náà ni wọ́n fi sọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1593. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ a ní Ìyìn Rere rẹ̀ gan-an ni àwòrán. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í po ọ̀dà. Ohun tí mo ti ń wí tipẹ́ náà ni mo tún ń wí: ẹni tí ọ̀dà ti ta sí lọ́wọ́ ni kí ayàwòrán kọ́kọ́ ké pè.

Ẹ wo Fra Angelico, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó jẹ́ ayàwòrán ní Ítálì. Ní San Marco, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Florence, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ya àwòrán sára ògiri yàrá àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, yàrá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, kí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lè máa gbàdúrà níwájú rẹ̀. Bí èèyàn bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, Gébúrẹ́lì àti Màríà ni yóò kò lójú. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń kọjá níwájú Wúńdíá kó ṣọ́ra, kó má gbàgbé "Mo kí ọ Màríà". Àwòrán tó ń gba àdúrà lẹ́nu ẹni tó kàn ń kọjá lọ! Póòpù John Paul Kejì fi í ṣe alágbàwí àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́dún 1984.

Ibí yìí ni ọ̀dọ́kùnrin agbẹ́kùúta kan ti nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àwọn Mẹ́rin Aládé, àwọn agbẹ́kùúta ajẹ́rìíkú tí àwa ń ké pè, ṣebí torí pé wọ́n kọ̀ láti gbẹ́ ère ni wọ́n ṣe pa wọ́n? Báwo ni ẹni tó kọ iṣẹ́ ṣe ń gbèjà òṣìṣẹ́?"

Mo pa ìwé tí mo mú wá dé. Ọmọ mi, ìtàn sọ pé wọ́n gbẹ́ òpó àti ọ̀ṣọ́ fún Ọba Diocletian. Ère òrìṣà ìwòsàn nìkan ni wọ́n kọ̀. Ọwọ́ tó mọ ohun tí kò ní ṣe wà lára ọwọ́ mímọ́. Ní Orsanmichele, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Florence, agbẹ́gilére òkúta tó ń jẹ́ Nanni di Banco gbẹ́ ère wọn fún ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́kùúta. Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ó gbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́: ẹnì kan ń mọ ògiri, òmíràn ń gbẹ́ ère ọmọ kékeré. Ẹ wá fi Lásárù ayàwòrán kún un, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Constantinople. Ọba Theophilos ní kó ṣíwọ́ yíya àwòrán mímọ́, kò ṣíwọ́; wọ́n fi irin gbígbóná jó o lọ́wọ́, ó tún yà. Àwọn mẹ́rin kọ̀, ẹnì kan kò dẹ́kun. Ọ̀kan náà ni ìgboyà wọn.

Àkókò ti lọ. Eligius wà fún alágbẹ̀dẹ góòlù. Catherine ti Bologna, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sínú ìwé àdúrà rẹ̀. Albert Chmielowski ní Poland, ayàwòrán tó pàdánù ẹsẹ̀ kan lójú ogun 1863, tó wá lọ ń tọ́jú àwọn aláìnílé ní Kraków. Ẹ̀yin tí ẹ kọ orúkọ Lúùkù síwájú ilé iṣẹ́ yín, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ ti Lásárù sí i.