Ẹni Tó Máa Kà Á Ni Kó O Kọ Ọ́ Fún

Ẹ kú ìjókòó o. Sláìdì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká wò dáadáa lónìí, torí òun ló jẹ́ kí n máa pariwo ọ̀rọ̀ yìí káàkiri.

Lọ́jọ́ 16 oṣù kìíní 2003, Columbia, ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú fún NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, gbéra ní Florida, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú àáyá 82, fóòmù kan já lára táńkì epo ó lọ gbá apá òsì rẹ̀. Wọ́n rí i nínú fídíò. Àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ Boeing bá jókòó, wọ́n ṣírò ohun tó lè ti bàjẹ́, wọ́n kọ ọ́ sórí PowerPoint fún àwọn ọ̀gá. Ẹ gbọ́ o, àkọlé sláìdì yẹn, lẹ́tà gàdàgbà, ohun tó ń sọ ni pé tẹ́ẹ̀sì ti fi hàn pé ìṣírò àwọn ò fojú kéré ewu. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹẹrẹ, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé fóòmù tí wọ́n fi ṣe tẹ́ẹ̀sì ò ju kúbíìkì ínǹṣì 3 lọ, èyí tó gbá ọkọ̀ tó 1920. Ẹ pín in wò, ìlọ́po 640! Kí ló ń ṣe nísàlẹ̀?

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ yẹn tú ká lójú òfurufú Texas nígbà tó ń padà bọ̀, àwọn méjèèje inú ẹ̀ kú. Ooru tó gba ojú ihò tí fóòmù yẹn dá wọ inú apá ọkọ̀ ló ṣe é, mi ò sọ pé sláìdì ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà fi odidi ojú ìwé kan sọ̀rọ̀ sláìdì yẹn, torí ọ̀gá lè kà á tán kó má mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ló wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ yín pé gírámà ńlá ló ń fi òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ hàn, ẹ dákun ẹ má gbọ́ tiwọn, ìpalára ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù wá dìde: "Sà, fáìlì tiwa, ọwọ́ bíi mẹ́rin ló ń gbà kó tó dé òkè. Tí mo bá kọ ọ́ ṣàkó, wọ́n á ní mò ń pàṣẹ fún ọ̀gá ni."

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, mo sì pa ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ tì torí ẹ̀. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí fáìlì bá gbà ló ń bu díẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní NASA. Torí náà ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wà nínú gbólóhùn kan náà: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i ká ti afárá yẹn pa lónìí, òpó rẹ̀ ti là." Kò sẹ́ni tó máa lè bu ìyẹn kù. Ìṣírò àti fọ́tò lè tẹ̀ lé e.

Alága ti ń na aago sí mi, ó kù díẹ̀. Ìkìlọ̀ tó bá jẹ́ ti mẹ́gáàdì tàbí dírẹ́bà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lédè Yorùbá, ẹ má lẹ lẹ́tà olójú ìwé mẹ́ta mọ́ ògiri. Ti ìméèlì, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń retí èsì sókè, kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun.